Bí Pòtétò Ṣe Di Oúnjẹ Aráyé

Adágún omi Titicaca wà ní ààlà Pẹrú àti Bòlífíà, lórí òkè Andes, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 3,800 mítà. Àgbàdo kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa níbẹ̀, nítorí òtútù òru a máa pa ewé rẹ̀. Ní agbègbè yìí, ní nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn, ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ mú pòtétò kúrò nínú igbó wá sínú oko. Èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ kéré, ó korò, oró sì wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà ń ṣa èyí tí ìkorò rẹ̀ kò pọ̀, tí iṣu rẹ̀ sì ta dáadáa, wọ́n ń fi í ṣe èbù fún ọdún tó ń bọ̀, ìran kan ń gbé e lé ìran mìíràn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni pòtétò tí àwọn ọlọ́jà Èkó àti Ìbàdàn ń pè ní Áírííṣì lónìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ bá ànàmọ́ tan. Tòmátò, ata àti tábà ni ìbátan rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ará Andes gbà fi pòtétò gbé ìlú ró. Èkíní ni pé wọn kì í gbin irú kan ṣoṣo. Nínú oko ìdílé kan, ẹni tó bá tú ebè yóò rí iṣu pupa, dúdú, funfun àti aláwọ̀ àlùkò, èyí tó gùn àti èyí tó rí roboto, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lórí ilẹ̀ tí kò fẹ̀. Bí òtútù bá pa àwọn kan, àwọn mìíràn á yè. Bí àrùn bá mú èyí, ó lè má ran tọ̀hún. Ẹ̀yà tí a ti kà lórí òkè náà ju 4,000 lọ. Èkejì ni ọgbọ́n ìpamọ́. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, nígbà tí òtútù ibẹ̀ mú jù, àwọn àgbẹ̀ a máa tẹ́ pòtétò sórí koríko ní ìrọ̀lẹ́. Òtútù òru a sọ omi inú rẹ̀ di yìnyín. Bí ilẹ̀ bá mọ́, oòrùn a yọ́ ọ, pòtétò náà á sì rọ̀. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan, tọkùnrin tobìnrin a gun orí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ lásán, wọn a máa tẹ̀ ẹ́, wọn a máa yí i, títí omi kíkorò inú rẹ̀ yóò fi ṣàn jáde tí èèpo rẹ̀ yóò sì bó. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sá a gbẹ. Ohun tó kù, tí wọ́n ń pè ní chuño, a dúdú, a le, a fúyẹ́, ó sì lè wà ní àká fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbàjẹ́. Bí ilẹ̀ Yorùbá ti ń sọ iṣu di èlùbọ́ kí ó lè di ọdún mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Andes ṣe sọ pòtétò di ọrọ̀ tí a lè tò jọ.

Nígbà tí ìjọba Inca gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, chuño wà lára ohun tí wọ́n ń kó sí àká ìjọba, fún àwọn ọmọ ogun, fún àwọn tó ń la ọ̀nà, àti fún ọdún tí ìyàn bá mú. Ní 1532 ni Francisco Pizarro, ọ̀gágun ọmọ Sípéènì, mú Atahualpa, ọba Inca, ní Cajamarca. Nítorí wúrà àti fàdákà ni àwọn ará Sípéènì ṣe wá, wọ́n sì rí i: ní 1545 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa fàdákà ní Potosí, chuño sì ni oúnjẹ àwọn tó ń wọ inú ihò kùsà lọ. Pedro Cieza de León, ọmọ ogun tó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Seville ní 1553. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ará Sípéènì kan di olówó nípa gbígbé chuño lọ tà ní Potosí. Fàdákà náà sọ Sípéènì di ọlọ́lá fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí wọ́n fi bọ́ àwọn awakùsà ni yóò padà wá bọ́ gbogbo Yúróòpù.

Ìrékọjá òkun náà kò ní ariwo. Ìwé ẹrù ọkọ̀ ojú omi fi hàn pé ní 1567, wọ́n kó pòtétò láti erékùṣù Canary lọ sí Antwerp. Láàrin ọdún díẹ̀ sí i, ilé ìwòsàn kan ní Seville ti ń rà á fún oúnjẹ àwọn aláìsàn. Ní 1588, iṣu díẹ̀ tẹ Carolus Clusius, onímọ̀ ewéko, lọ́wọ́ ní Vienna. Ní 1596, Gaspard Bauhin fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ṣì ń pè é títí di òní, *Solanum tuberosum*. Síbẹ̀, nǹkan bí igba ọdún ni pòtétò fi wà nínú ọgbà àwọn onímọ̀ àti ti àwọn ọlọ́rọ̀ kí ó tó di oúnjẹ gbogbo ènìyàn. Àwọn kan ní kò sí nínú Bíbélì; àwọn mìíràn ní ẹ̀tẹ̀ ló ń fà. Ṣùgbọ́n ohun kan tó lágbára ju ìbẹ̀rù lọ wà nínú ewéko náà fúnra rẹ̀. Lórí òkè Andes, tí kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní gbogbo ọdún, bí ọ̀sán bá sì ti kúrú ni iṣu pòtétò ibẹ̀ ń ta. Ọ̀sán gígùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Yúróòpù kò jẹ́ kí ó ta títí di ìgbà tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Àwọn àgbẹ̀ ń yan èyí tó tètè ń ta lọ́dọọdún, láìmọ̀dí, títí ó fi bá ilẹ̀ wọn mu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀yà mìíràn láti gúúsù Ṣílè, níbi tí ọ̀sán ti gùn bíi ti Yúróòpù, wọ ilẹ̀ náà, ó sì borí èyí tó ti Andes wá.

Ogun àti ìyàn ló mú pòtétò kúrò nínú ọgbà wọ oko. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ọmọ ogun tó bá gba abúlé kọjá a máa kó ọkà inú àká lọ, wọn a sì sun èyí tó kù. Pòtétò wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹni tí kò bá ráyè hú u kò lè rí i kó. Láfikún, oúnjẹ tí éékà kan pòtétò ń mú wá pọ̀ ju ti éékà kan ọkà lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìkòkò kan péré sì tó láti sè é. Kò nílò ọlọ tàbí ààrò búrẹ́dì. Frederick Kejì, ọba Prussia, rí èyí kedere. Ní oṣù kẹta 1756, ó pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní gbígbin pòtétò, kí wọ́n sì rí i pé wọ́n gbìn ín. Ogun Ọdún Méje bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún kan náà.

Nínú ogun yẹn ni Prussia ti mú Antoine-Augustin Parmentier, apoògùn ọmọ Faransé, tí wọ́n sì fi pòtétò bọ́ ọ ní àhámọ́. Ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga Paris ti ka gbígbin pòtétò léèwọ̀ ní 1748. Ó padà délé láìní àrùn kankan, ó sì lo ìyókù ayé rẹ̀ láti fi hàn pé oúnjẹ gidi ni. Ní 1772, àwọn oníṣègùn yunifásítì Paris kéde pé kò léwu fún ènìyàn. Ní 1786, Ọba Louis Kẹrìndínlógún fún Parmentier ní ilẹ̀ ní Sablons, ní ẹ̀yìn odi Paris, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ohun kan lè hù lórí rẹ̀, pòtétò sì hù níbẹ̀. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ ní Faransé ni pé ó fi ọmọ ogun ṣọ́ oko náà ní ọ̀sán, ó sì jẹ́ kí wọ́n lọ ní alẹ́, kí àwọn ará àdúgbò lè wá jí èbù kó.

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Nathan Nunn àti Nancy Qian, ṣírò rẹ̀ ní 2011 pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin bí iye ènìyàn ṣe pọ̀ sí i ní Yúróòpù, Éṣíà àti Áfíríkà láàrin 1700 sí 1900 ni a lè kà sí ti pòtétò. Àwọn ìlú ńlá tí iléeṣẹ́ kún, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ń jáde láti ibẹ̀ lójoojúmọ́, jẹ nínú oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú yìí.

Kò sí ibi tí pòtétò ti wọ ara ayé ènìyàn bí Áyálándì. Ọwọ́ àwọn onílẹ̀ díẹ̀ ni ilẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlìkámà, ọkà òtì àti màlúù ni àwọn ayálégbé fi ń san owó ilẹ̀, ohun tí àwọn tálákà sì ń jẹ kò ju pòtétò àti wàrà lọ. Òṣìṣẹ́ kan lè jẹ tó kílò márùn-ún lóòjọ́. Ẹ̀yà tí wọ́n gbìn jù ń jẹ́ Lumper. Adùn rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n a máa ta púpọ̀ lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Bẹ́ẹ̀ ni ìkànìyàn 1841 ṣe rí ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ní erékùṣù náà. Èbù sì ni wọ́n fi ń gbìn ín: ohun tí èbù bá bí, ìyá rẹ̀ gan-an ni, láìsí ìyàtọ̀. Láti etí òkun dé etí òkun, ewéko kan náà ni ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn Áyálándì gbọ́kàn lé.

Ní 1843, àrùn tuntun kan yọ lórí pòtétò ní ẹkùn Philadelphia àti New York. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1845, ó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ó ti dé Áyálándì. Bíláìtì ni. Àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ a yọ sí etí ewé, ohun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ a hù sí abẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù a sì gbé hóró rẹ̀ lọ sí oko tó wà nítòsí. Bí òjò bá ń rọ̀ tí òtútù sì mú díẹ̀, oko tó tutù yọ̀yọ̀ ní ọjọ́ Àìkú lè di dúdú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Omi òjò a gbé e wọ inú ilẹ̀ dé ara iṣu. Èyí tí wọ́n hú ní gbígbó á jẹrà nínú àká, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo àdúgbò. Ní 1845, apá kan irè náà ló ṣòfò. Ní 1846, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kù kankan.

Ìjọba Robert Peel ní London, tó ń ṣàkóso Áyálándì, ra àgbàdo láti Amẹ́ríkà. Èyí tó tẹ̀lé e ní 1846 gbà pé ọjà yóò tún ara rẹ̀ ṣe, ọkà àti ẹran sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò ní Áyálándì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ebi ń pa àwọn tó gbìn ín. Ní 1847, ilé ìpín-ọbẹ̀ bọ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn lóòjọ́ fún oṣù díẹ̀, wọ́n sì tì í. Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni: ibà tí iná aṣọ ń gbé kiri pa àwọn tí ebi kò tíì pa, àwọn onílẹ̀ sì ń lé ayálégbé tí kò rí owó san, wọ́n ń ya òrùlé ilé wọn kí wọ́n má bàa padà wọlé. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan kú. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, Kánádà àti Bìrìtéènì. Ìkànìyàn 1851 rí mílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀. Títí di òní, erékùṣù náà kò tíì ní ènìyàn tó iye tó wà níbẹ̀ ní 1841.

Láti inú ikú yìí ni ìmọ̀ àrùn ewéko ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà sọ pé òjò ló fà á, àwọn mìíràn ní mànàmáná ni, ohun funfun abẹ́ ewé sì jẹ́ àbájáde jíjẹrà lásán. Ní 1846, Miles Berkeley, àlùfáà ìjọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ẹ̀rọ awòhun-kékeré wo olú, kọ̀wé pé ohun abẹ̀mí ni ohun funfun náà, òun sì ni ó ń pa pòtétò. Wọn kò gbà á gbọ́. Anton de Bary, ọmọ Jámánì, ló fi ìdánwò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1861 pé bí a kò bá fi hóró rẹ̀ kan ewé, ewé náà kò ní ṣàìsàn, bí òjò tilẹ̀ rọ̀. Òun náà ló fún un ní orúkọ *Phytophthora infestans* ní 1876. Ní 1885, Alexis Millardet ti Bordeaux kéde àdàlù bàbà àti ẹfun tí ó ti dán wò lórí àjàrà, àwọn àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fín in sí pòtétò. Ogójì ọdún ti kọjá lórí ìyàn Áyálándì kí oògùn kan tó dé ọwọ́ àgbẹ̀.

Àwọn mìíràn wá ìwòsàn náà nínú irúgbìn. Chauncey Goodrich, àlùfáà kan ní ìpínlẹ̀ New York, gbà pé pòtétò ti gbó nítorí pé èbù kan náà ni wọ́n ń gbìn láti ìran dé ìran. Ní 1851, ó gba ìwọ̀nba pòtétò Gúúsù Amẹ́ríkà láti ọ̀dọ̀ aṣojú Amẹ́ríkà ní Panama, ó sì gbin hóró inú èso rẹ̀ dípò èbù. Hóró a máa bí ọmọ tí kò jọ ìyá, láti inú rẹ̀ sì ni Garnet Chili ti jáde; Garnet Chili bí Early Rose ní 1861. Lórí Early Rose ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Massachusetts, Luther Burbank, ti rí èso kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870. Hóró 23 ló wà nínú rẹ̀, ó sì gbin gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú wọn ta iṣu ńlá, funfun, tí ó dán. Ó tà á fún oníṣòwò irúgbìn ní 150 dọ́là, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Kalifọ́níà ní 1875. Russet Burbank, ọmọ ìyípadà rẹ̀, ni pòtétò gígùn tí àwọn ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà ń dín títí di òní.

Àwọn onímọ̀ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ ronú pé ó yẹ kí a padà sí orísun pòtétò lọ́nà tó létò. Nikolai Vavilov, olórí ibùdó ìwádìí ewéko ní Leningrad, rán Sergei Bukasov àti Sergei Juzepczuk lọ sí Mẹ́síkò, Pẹrú, Bòlífíà àti Ṣílè láti 1925 lọ. Wọ́n kó ẹ̀yà tí ẹnikẹ́ni ní Yúróòpù kò rí rí padà wá, ti oko àti ti ìgbẹ́. Vavilov fúnra rẹ̀ ṣubú sọ́wọ́ ìjọba Stalin: wọ́n mú un ní 1940, ó sì kú sí ẹ̀wọ̀n ní Saratov ní oṣù kìíní 1943. Ní oṣù kẹsàn-án 1941, àwọn ọmọ ogun Jámánì ká Leningrad mọ́. Pòtétò náà wà nínú oko ní Pavlovsk, ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ìjà ń súnmọ́. Abraham Kameraz àti Olga Voskresenskaya, òṣìṣẹ́ ibùdó náà, hú u nígbà tí bọ́ǹbù ń bú, wọ́n sì kó o wọ inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní àárín ìlú. Bí yìnyín bá mú èbù pòtétò, ó ti kú nìyẹn. Nítorí náà, ní ìgbà òtútù 1941 sí 1942, wọ́n ń wá igi, páálí àti ohunkóhun tó lè jó, kí yàrá náà má bàa tutù jù. Àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó náà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí ebi, irúgbìn tó ṣe é jẹ sì wà káàkiri ara wọn. Wọn kò jẹ ẹ́. Nígbà tí ìdótì náà parí ní oṣù kìíní 1944, àkójọ náà wà.

Ṣáájú ogun náà, ní 1938, Jack Hawkes, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bá Vavilov pàdé ní Leningrad. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó bá ẹgbẹ́ àwọn aṣàwárí lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà láti kó pòtétò jọ fún Bìrìtéènì. Èrè ìrìn àjò náà kò hàn lójú ẹsẹ̀. Ní 1952 ni Conrad Ellenby rí i pé ẹ̀yà kan nínú àkójọ náà kì í jẹ́ kí aràn kékeré tó ń jẹ gbòǹgbò pòtétò pọ̀ sí i. Àwọn olùsọdọ̀tun irúgbìn ní Cambridge mú jíìnì rẹ̀ wọ inú ẹ̀yà tí wọ́n pè ní Maris Piper, tó jáde ní 1966, èyí tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé London mọ̀ dáadáa lára àpò pòtétò ní ṣọ́ọ̀bù. Ní àfonífojì Toluca ní Mẹ́síkò, John Niederhauser ń gbin pòtétò síbi tí bíláìtì ti gbilẹ̀ jù, ó ń ṣa èyí tó bá yè. Ẹ̀kọ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde le: bí jíìnì kan ṣoṣo bá ń dá àrùn náà dúró, àrùn náà yóò yípadà, yóò sì borí rẹ̀ láàrin ọdún díẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òkè Jos ni pòtétò ti rí ilé. Iṣu rẹ̀ kì í ta dáadáa bí òru kò bá tutù, ìdí nìyẹn tí kò fi lè jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀gẹ́ nínú oko ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n Jos ga tó 1,200 mítà. Àwọn òyìnbó tó wá nítorí kùsà tánganran ló mú un débẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba amúnisìn sì mú kí ó gbilẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì láti bọ́ àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí ogun parí, àwọn àgbẹ̀ Plateau kò fi í sílẹ̀. Bokkos, Mangu àti Barkin Ladi ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ pòtétò Nàìjíríà ti ń wá. Àpò rẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá ń já sí Mile 12 ní Èkó àti Bódìjà ní Ìbàdàn. Ní Kúrú, tí kò jìnnà sí Jos, ni ibùdó ìwádìí irè oníṣu ti Nàìjíríà tó wà ní Umudike fi ẹ̀ka pòtétò rẹ̀ sí.

Ní 1971 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí pòtétò àgbáyé, CIP, sílẹ̀ ní Lima, Richard Sawyer sì ni olùdarí àkọ́kọ́. Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n kó jọ síbẹ̀ lé ní 4,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ èèhù kékeré nínú ìgò, tí àrùn kankan kò sí lára rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì nítorí ohun kan tí àwọn àgbẹ̀ Plateau mọ̀ dáadáa: àgbẹ̀ tí kò ní owó èbù tuntun a máa fi iṣu wẹ́wẹ́ ọdún tó kọjá gbìn, àwọn fáírọ́ọ̀sì a sì máa pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́dọọdún títí irè yóò fi dín kù. Láti inú èèhù kan tó mọ́, a lè bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èbù tí kò ní àrùn. Lẹ́yìn náà ni CIP fi ànàmọ́ kún iṣẹ́ rẹ̀. Maria Andrade, Robert Mwanga ọmọ Ùgáńdà àti Jan Low gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2016 nítorí ànàmọ́ aláwọ̀ ọsàn tó ń fún àwọn ọmọdé Áfíríkà ní fítámì A.

Láàrin ìdajì ọ̀rúndún yìí, ibi tí a ti ń gbin pòtétò jù yí lọ sí Éṣíà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà ń hú kò tó mílíọ̀nù 30 tọ́ọ̀nù. Ní àárín àwọn ọdún 2000, ó ti lé ní mílíọ̀nù 160, ó sì ti kọjá ti àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀. Ṣáínà ló ń gbìn ín jù lónìí, Íńdíà tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì sì ń hú ju ìdá kan nínú mẹ́ta ti gbogbo ayé lọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya 2008 sọ́tọ̀ fún pòtétò. Ní 2011, àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ka gbogbo jíìnì rẹ̀, wọ́n rí tó 39,000. Ìdí kan wà tí ìsọdọ̀tun rẹ̀ fi ń pẹ́: ọ̀pọ̀ pòtétò oko ní ẹ̀dà mẹ́rin jíìnì kọ̀ọ̀kan, níbi tí ènìyàn ní méjì, ohun tí òbí méjì bá bí sì ṣòro láti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2021, àwọn onímọ̀ Ṣáínà fi hàn pé a lè ṣe pòtétò ẹlẹ́dàà méjì tí a óò máa fi hóró gbìn, bí a ti ń gbin àgbàdo.

Bíláìtì kò jókòó sójú kan ní gbogbo àkókò yìí. Fún ọ̀rúndún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú kan ṣoṣo nínú méjì tó lè bá ara wọn gùn ló wà ní òde Mẹ́síkò. Ní 1984, wọ́n kéde pé wọ́n ti rí irú kejì ní Switzerland, láti ìgbà náà sì ni àrùn náà ti ń bí àwọn ọmọ tuntun tí oògùn àtijọ́ kò ràn. Ní 2013, àwọn onímọ̀ yẹ ewé pòtétò gbígbẹ tí wọ́n ti kó pamọ́ láti ìgbà ìyàn Áyálándì wò, wọ́n sì rí i pé ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú ìdílé àrùn náà ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ní 2014, bíláìtì jó oko Plateau; àwọn àgbẹ̀ tó yá owó ra èbù kò rí ohun tí wọ́n máa fi san án, owó àpò pòtétò sì fò sókè ní ọjà Èkó.

Ní Ùgáńdà, àwọn onímọ̀ CIP àti ti orílẹ̀-èdè náà mú Victoria, ẹ̀yà tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń gbìn, wọ́n fi jíìnì mẹ́ta sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí àrùn má bàa rọ́nà borí rẹ̀. Méjì nínú jíìnì náà wá láti ara pòtétò ìgbẹ́ Mẹ́síkò, ẹ̀kẹta láti ara èyí tó ń hù ní Ajẹntínà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé ó gbó nínú oko láìsí pé wọ́n fín oògùn kankan sí i, nígbà tí Victoria àtijọ́ tó wà nítòsí rẹ̀ jó. Àwọn onímọ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú ti gbin pòtétò tó gbé irú jíìnì bẹ́ẹ̀ sí oko ìdánwò tí a sé mọ́ ní Kúrú, lábẹ́ àṣẹ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó irú irúgbìn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi í wé àwọn ẹ̀yà tí àwọn àgbẹ̀ Plateau ń fín oògùn sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ìgbà òjò.